Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Fẹ́ Kí Ẹ̀rí Òun Di Irọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ mìíràn, bí irin ìlọṣọ bá jó aṣọ yín, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé, "Bẹ́ ẹ ṣe mú un wá nìyẹn o, ẹ wò ó dáadáa." Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ irú èdè yẹn. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá jó mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní dúró kí oníṣẹ́ẹ̀tì wá bá a. Á ká a sínú ọ̀rá, á gba ilé onítọ̀hún lọ, á ní, "Ẹ dákun, èmi ni mo bà á jẹ́." Èmi á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò jẹ́ kó kọ́kọ́ rí i ná? Ó lè má mọ̀." Á wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó tọ̀ sílé. Á ní, "Ọlọ́run ńkọ́? Òun náà ò mọ̀?"

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀ nítorí ẹ̀, àwa ẹbí sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé, ká ní ó lè parọ́ díẹ̀, bíńtín báyìí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀.

Òun àti ọkọ ẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Òun ń fọ̀, ọkọ ẹ̀ ń lọ aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ kángun sí tiwọn, pákó kan ṣoṣo ló là wá láàárín, kò sì sí ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ tí mi ò ní gbọ́. Ọkọ ẹ̀, tí mo máa ń pè ní Bùrọ̀dá, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ ni àwọn oníbàárà sọ ọ́. Tó bá ti gbé irin, orin ìsìn kan náà ló máa kùn láti àárọ̀ dalẹ́, ohùn ẹ̀ á sì máa han bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó kọ́ orin mìíràn, ó tún dá a láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wá ọmọ fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Kékeré la máa ń pè é, ẹ̀gbọ́n mi sì di Ìyá Kékeré fún gbogbo àdúgbò. Abẹ́ tábìlì ìlọṣọ ni ọmọ náà ti kọ́ ìrìn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tó bá ti dé báyìí, áńkáṣíìfù ló máa kọ́kọ́ ká, á tò wọ́n léra, á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Gbogbo ìjọ gbàdúrà. Pásítọ̀ wá síbi bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní òun ti rí i, ọmọ yìí ò ní kú, yíyè ni yóò yè. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àmín tó fi jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ní kó rọra. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ kú.

Mi ò ní dúró pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò ṣẹ̀ rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kọ́kọ́ ń gún wa ni orúkọ. Kí lèèyàn máa pe Ìyá Kékeré tí Kékeré ò sí mọ́? Àwọn kan á pè é bẹ́ẹ̀ tán kí wọ́n tó fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn kan sọ ọ́ di Màdáámù ọ̀sán gangan. Ọkọ ẹ̀ ò dárúkọ kankan mọ́, á kàn ní, "Ìwọ yìí."

Ìjọ kan náà làwọn méjèèjì ń lọ, Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà, àmọ́ ẹ wá wo bí ọ̀nà ṣe yà. Bùrọ̀dá sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú, lẹ́yìn náà ó padà sídìí irin, ó ń kun orin ẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bùrọ̀dá, ẹ ò tiẹ̀ bínú sí Ọlọ́run?" Ó gbé irin nàró. Ó ní, "Tí mo bá bá a jà, ọ̀dọ̀ ta ni màá wá lọ? Kò sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Àmọ́ ó jókòó tì mí, àbúrò. Mo mọ̀ pé ó jókòó tì mí." Ó ń jẹun, ó ń sùn. Inú bí mi sí i, mi ò ní parọ́. Lójú mi, àfi bíi pé kì í ṣe òun ló bímọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ gbà pé òun ni Ọlọ́run ń bá jà. Ẹ má dá a lẹ́bi. Pásítọ̀ ti ní ọmọ ò ní kú, ọmọ sì kú. Ó di dandan kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ ẹnìkan lọ́rùn, kì í sì í ṣe Pásítọ̀ ló máa wọ̀ lọ́rùn. Nígbà tó gun orí pèpéle lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní bí àdúrà ò bá gbà, kí kálukú yẹ ilé ẹ̀ wò, ó lè jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó dí i lọ́nà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó jókòó níwájú wa yí ọrùn díẹ̀, wọ́n tún yí i padà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri inú ayé ara ẹ̀ bí ẹni ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́ sínú omi ọṣẹ. Tí kò bá rí ńlá, á mú wẹ́wẹ́. Ó lọ bá tíṣà àgbà kan nílé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, sà. Nígbà tẹ́ ẹ ní ṣòkòtò yín ò mọ́, mo bínú sí yín nínú ọkàn mi." Tíṣà ní, "Ṣòkòtò wo?" Ó lọ bá ìyá kan tó ń ta ìwé ìròyìn, ó ní kó forí ji òun, bàtà ẹ̀ wu òun nígbà kan. Ìyá náà bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ó ní kó máa mú un lọ bó bá jẹ́ tìtorí bàtà ni. Lẹ́yìn náà ni ìyá yìí yà lọ́dọ̀ mi. "Ẹ lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n yín o," ó ní. "Ojú ẹ̀ ò jọ ojú ẹni tó wà níbí." Mo rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ó gba ti òwúrọ̀, ó gba ti ọ̀sán, ó so ó pọ̀ mọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Aṣọ ń jábọ́ léjìká ẹ̀, mo ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mo ń rán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, ó tún ń jábọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìjọ ṣe? Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń dúró fún àdúrà. Ẹni tí kò rí oorun sùn, wọ́n ní ó ń ṣọ́nà. Ẹni tí oúnjẹ ò gba ọ̀fun ẹ̀ lọ, wọ́n ní ó ń ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó ń sunkún láìdá, wọ́n ní Ẹ̀mí ló bà lé e. Kò sí àmì àìsàn kan lára ẹ̀gbọ́n mi tí wọn ò bá a wá orúkọ mímọ́ fún. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i lójú tiwọn.

Èmi ń wo egungun ọrùn ẹ̀ ní tèmi. Mo mọ̀ pé bí kò bá sùn, tí kò sì jẹun, òkú mìíràn la máa sin. Mo sọ fún Bùrọ̀dá. Ó ní òun ń gbàdúrà. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Bùrọ̀dá?"

Ìdí bàsíà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú lójú oníbàárà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, obìnrin, ọmọdé tí mo lè bí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." "Oúnjẹ ńkọ́?" "A ò ráhùn." Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi ń parọ́ o. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá béèrè àlàáfíà ẹ̀, ọpẹ́ ló ń dá, kò ní máa tú àrùn sílẹ̀ lójú àlejò. Ló bá di pé èmi ni mo la ẹnu. "Dókítà, kò sùn. Kò jẹun. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí kò ṣẹ̀. Ọmọ ẹ̀ kú, ó ní òun lòun pa á."

Dókítà gbé kálámù sílẹ̀. Ó fa àga ẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Mọ́mì, bí ikùn ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ń ṣàìsàn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, ẹ máa gbà á lọ. Àmọ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ sì máa lo oògùn yìí. Ẹ má fúnra yín dá a dúró, kódà tí ara bá yá. Èmi ni màá sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dá a dúró."

Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. "Ṣé oògùn wèrè ni?"

"Oògùn ẹni tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára ni."

Kò yá bọ̀rọ̀. Mo ti fẹ́ máa bú dókítà nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́sàn-án kan, tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, ó ń hanrun. Àwọn oníbàárà ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Bùrọ̀dá gbé ìka lé ẹnu, ó ń fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí wọn kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá lọ́la. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bínú.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń padà sọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Ó bu oúnjẹ, ó tún bù. Ó wá gbé aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́, ó wo etí ẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé orí kẹ̀kẹ́ lo wà nígbà tí o ń rán eléyìí ni?" Ó pẹ́ tí èébú ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí à ń sá aṣọ, ó dárúkọ Kékeré fúnra ẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn áńkáṣíìfù yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bóyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi." Mo ní, "Kì í ṣe bóyá." Ó ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá bóyá lọ ná."

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí ìwòsàn ní ohun tí wọ́n máa bi í kí wọ́n tó gbé máìkì fún un. Arákùnrin tó ń mójú tó ìjẹ́rìí á bẹ̀rẹ̀ sí i létí, á ní, "Ṣé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn pátápátá?" Tó bá ní òun ò tíì bọ́, á ní kó lọ jókòó dìgbà tó bá pé. Wọ́n ní ẹ̀rí tó bá gbé oògùn dání ti pín ògo Ọlọ́run sí méjì.

Pásítọ̀ rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń sanra. Ó dá a dúró lẹ́yìn ìsìn, ó ní àwọn èèyàn ń béèrè, ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ṣì ń lo oògùn, sà." Pásítọ̀ ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ dá a dúró o. Ẹ má sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbàgbọ́ yín bá gbé e, ẹ jẹ́ kí n gbọ́." Ẹ ò rí bó ṣe sọ ọ́? Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹlòmíràn ì bá ní òun ti bọ́, á jẹ́rìí, ìjọ á hó, á délé, á bu omi, á gbé oògùn ẹ̀ mì. Mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ yẹn, ara wọn le koko, Ọlọ́run ò sì sán àrá pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ọgbọ́n yẹn. Kí ẹ̀rí ẹ̀ má bàa jẹ́ irọ́, ó fi oògùn sílẹ̀ ní tòótọ́. Kò sọ fún wa, torí kò sẹ́ni tó bi í. Ó gba máìkì, ó ní Ọlọ́run ti dá oorun òun padà, òun ò lo nǹkan kan mọ́. Ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Èmi àti Bùrọ̀dá wo ara wa.

Kò pẹ́ tí oorun náà fi lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò nílò kó wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri mọ́, ọ̀kan ti wà nílẹ̀. "Mo jẹ́rìí, àìsàn sì padà wá," ó ní. "Á jẹ́ pé mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run lójú gbogbo ìjọ."

Mo ní, "Ẹ lo oògùn yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Tí mo bá lò ó, irọ́ náà á pé. Tí mi ò bá lò ó, bóyá òótọ́ ṣì máa dé bá a."

Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, mo sọ ọ́ títí ẹnu fi bó mi. Bùrọ̀dá bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó ẹ̀, àgbà ọkùnrin yẹn, oògùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. "Gbé e mì. Kí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ wà lọ́rùn mi." Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ. Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ò ní alágbàrù, ọkọ mi." Nígbà tó yá ó ní, "Gbangba ni mo ti sọ ọ́. Tí wọ́n bá tú mi sílẹ̀ ní gbangba, màá lò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé Pásítọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, Ìyá Ìjọ là ń pè é, obìnrin tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó gbé omi wá fún ọkọ ẹ̀ nínú àwo, hóró oògùn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife.

Mo ní, "Oògùn kí nìyẹn, sà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

"Ẹ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Arábìnrin, tèmi, ti ara ni. Ti ẹ̀gbọ́n yín, ti ẹ̀mí ni."

"Ta ló bá yín là á sí méjì, sà?"

Pásítọ̀ na ọwọ́ mú ife. Ó ní òun máa wá sílé wa, òun máa sọ fún un pé kó lo oògùn ẹ̀. Mo ní kì í ṣe ilé, ìjọ ló ti jẹ́rìí, ìjọ ló ti yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ó gbé oògùn tiẹ̀ mì, ó mu omi lé e. "Ẹ ro ti àwọn ọmọ tuntun nínú ìgbàgbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀rí yẹn padà, kí ni wọ́n máa rò?"

Mo ní, "Wọ́n á rò pé èèyàn lẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní ká fi í sínú àdúrà. Ó wá sílé wa lóòótọ́, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó jókòó, ó ní Ọlọ́run ò kọ oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè. "Ṣé ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, sà?" Pásítọ̀ fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní ohun gbogbo ló ní àsìkò. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

Ó gbẹ títí tí a fi lè gbé e bí ẹrù aṣọ. Nígbà tí ibà kan wá kàn án, kò bá ẹran kankan lára ẹ̀. Dókítà kékeré yẹn ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ó ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n dá oògùn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kú. Títí tó fi kú, ó rò pé òpùrọ́ lòun.

Níbi ìsìnkú, Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ tó dùn. Ó ní arábìnrin wa di ẹ̀rí ẹ̀ mú ṣinṣin títí dópin. Òótọ́ pọ́nńbélé ló sọ. Ìyẹn ló pa á. Mo ti ń dìde láti sọ ọ́ fún un nígbà tí Bùrọ̀dá gba iwájú mi kọjá. Ó mú máìkì lọ́wọ́ arákùnrin tó ń mójú tó ìjẹ́rìí, ìyẹn ò ráyè bi í ní nǹkan kan.

"Ìyàwó mi ò parọ́ rí," ó ní. "Ó ṣàìsàn, ó lo oògùn, ó sùn. Ẹ ní kó wá jẹ́rìí, ó fi oògùn sílẹ̀ kó má bàa parọ́ fún yín. Ohun tó pa á nìyẹn. Ọlọ́run ò bá a jà. Mo sọ fún un, kò gbà mí gbọ́, ẹ̀yin ló gbà gbọ́. Tó bá ku ẹnikẹ́ni níbí tí kò rí oorun sùn, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Màá bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kò ní jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni."

Mi ò gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó dá máìkì padà, wọ́n sì yára dá orin lé e.

Mi ò lọ sí ìjọ yẹn mọ́. Òun ṣì ń lọ. Àga kan náà ló ń jókòó sí, àwọn èèyàn ń fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì ẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run kọ́ ló gba oògùn lọ́wọ́ ẹ̀." Mo fẹ́ kí n lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn mi sì balẹ̀. Kò balẹ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀, ìjà ni mò ń bá Ọlọ́run jà, tí mo bá dìde, ó ń rẹ̀ mí.

Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn obìnrin lápá kejì pákó. Mo yọjú. Ìyá Ìjọ ló dúró síwájú tábìlì, ó gbé búláòsì kan kalẹ̀. Bùrọ̀dá tú u, ó wo kọ́là, ó wo abíyá. Ó ní, "Mà, aṣọ yìí mọ́."

"Mo mọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ká búláòsì náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ó wo ojú títì lẹ́yìn ara ẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Dókítà yẹn," ó ní, "ṣé ó máa ń béèrè bóyá ọkọ èèyàn mọ̀ pé ó wá?"

Bùrọ̀dá ní kì í béèrè. Ó yọ wáyà irin, ó wá kọ́kọ́rọ́, wọ́n jọ jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn wọn.